Ohun Tí Ẹṣin Lè Gbé

Ní At-Bashy, yìnyín ti dí ojú fèrèsé ilé-ìwé.
Asylkan jókòó ti sítóòfù eléèédú,
kọ̀ǹpútà mọ́kànlá níwájú rẹ̀,
àlòkù láti Jámánì,
èyí tí ọ́fíìsì kan lò títí tó fi sú wọn.
Gígábáìtì mẹ́rin péré ni ikùn ọ̀kọ̀ọ̀kan.
Ètò tí yóò máa darí wọn ń béèrè mẹ́sàn-án.

Irú àlejò wo nìyí,
tó fẹ́ sùn ní yàrá ẹni
tó ní ká kọ́kọ́ wó ògiri?

Ó rántí ìyá rẹ̀ nínú oṣù Karùn-ún,
tí wọ́n bá ń ká àgọ́ onírun àgùntàn
láti gòkè lọ síbi tí koríko ti tutù yọ̀yọ̀.
Ìyá a gbé nǹkan sókè, a fọwọ́ wọ̀n ọ́n,
a wo ojú ẹṣin.
"Ohun tí ẹṣin ò bá lè gbé," ni yóò wí,
"kì í ṣe tiwa títí yìnyín yóò fi padà."
Dígí ńlá ò bá wọn lọ. Àga ò bá wọn lọ.
Ìkòkò kan, sítóòfù, àti ọmọ.

Ló bá bẹ̀rẹ̀ sí í yọ ọ́.
Ó yọ eré tí wọ́n ń fi káàdì ta,
ó yọ àwòrán òkun tí ẹnikẹ́ni níbẹ̀ kò rí rí,
ó yọ orin tí ẹ̀rọ ń kọ tó bá ń jí.
(Ẹni tó fẹ́ lọ síṣẹ́, ta ló ń kọrin fún?)
Ó yọ ìlànà fún oríṣi ẹ̀rọ ìtẹ̀wé ọ̀ọ́dúnrún
nínú ilé-ìwé tí kò ní ẹyọ kan.
Ìwé àlàyé: ó kà á díẹ̀, ó rẹ́rìn-ín, ó yọ ọ́.
Ó fún ìyókù pọ̀ bí ẹni ń fún aṣọ tútù.

Ó kan àwọn èdè.
Wọ́n tò gbọọrọ sójú ẹ̀rọ.
Rọ́ṣíà dúró, Kirigíìsì dúró,
ó fi ìka kan gbá gbogbo èyí tó kù dànù.
Tèmi wà níbẹ̀, nísàlẹ̀ pátápátá,
lẹ́tà méjì: y àti o.
Mi ò bínú.
Ta ni yóò ru Yorùbá gun òkè Tien Shan?
Ṣùgbọ́n mo wo àyè tí mo fi sílẹ̀ fún un,
kò gba ẹyọ iyọ̀ kan.

Aago kan òru: gígábáìtì méjì àti ààbọ̀.
Ó pàtẹ́wọ́ fún ara rẹ̀, jẹ́jẹ́, kí ọkọ rẹ̀ má jí.

Láàárọ̀, Kumushai, ọmọ ọdún mẹ́sàn-án,
wọlé pẹ̀lú yìnyín ní ìpéǹpéjú.
Ó tẹ orúkọ ara rẹ̀.
Àpótí òfìfo méjì jókòó sáàárín rẹ̀
bí ibi tí eyín ti ká.
"Olùkọ́, ta ló jẹ mí?"

Kirigíìsì ní lẹ́tà mẹ́ta tí Rọ́ṣíà kò ní.
Fọ́ǹtì, aṣọ tí lẹ́tà ń wọ̀ jáde,
Asylkan ti dà wọ́n nù lóru,
ó rò pé ọ̀ṣọ́ lásán ni.
Èmi náà ní lẹ́tà mẹ́ta
tí mo gbọ́dọ̀ fi àmì sí nísàlẹ̀.
Mo mọ bí àpótí òfìfo ṣe ń rí lórúkọ ẹni.

Ó dá fọ́ǹtì kan ṣoṣo padà.
Kò wúwo tó orin ìjí-lójú-oorun yẹn.
Kumushai tẹ orúkọ rẹ̀ nígbà ogójì, ó pa á mọ́.
Asylkan yọjú wo àyè tó ṣẹ́kù.
Iye rẹ̀ ò yí padà.

Kọ̀ǹpútà kọkànlá kò jí rárá.
Òun ni wọ́n fi ti ilẹ̀kùn
kí afẹ́fẹ́ má baà ṣí i.